Skp, ssk, k2tog: èwo lẹ fi ń dín ojú kù tí ìlà ọwọ́ òsì kò fi ní rí wúruwùru?

Àdùkẹ́_olówùú
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Súwẹ́tà raglan (èyí tí ìlà apá ẹ̀ máa ń dà gẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ apá dé ọrùn) ni mò ń hun, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo ti so ara aṣọ àti apá méjèèjì pọ̀ sórí abẹ́rẹ́ kan, mo wá ń dín in kù lọ sí ọrùn. Ojú híhun (stitch) mẹ́jọ ló ń kúrò ní ìyípo kan, ìyípo tó tẹ̀ lé e á jẹ́ híhun lásán, bẹ́ẹ̀ náà la óò máa bá a lọ.

Níbi tí mo ti ń ṣe k2tog (híhun ojú méjì pọ̀ di ọ̀kan), ìlà yẹn dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ lódìkejì ẹ̀, níbi tí pátáànì ní kí n ṣe skp, ńṣe ló ń ṣe págunpàgun bí eyín ayùn, ojú kan á fẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á sún kì. Mo lọ kà á níbì kan pé skp, ssk àti k2tog tbl (k2tog tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn ojú), ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, pé kí n mú èyí tó bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó tiẹ̀ pọn dandan kí n lo oríṣi méjì ni, ṣé mi ò lè fi k2tog ṣe gbogbo ẹ̀? Tí mo bá tún dé ọrùn, pátáànì ní kí n máa yí i padà, kí n máa hun ún lọ hun ún bọ̀, ṣé màá máa dín in kù láti ẹ̀yìn náà ni? Báwo ni wọ́n ń ṣèyẹn?

tètè_hun
Fi k2tog ṣe gbogbo ẹ̀ jàre. Ta ló fẹ́ dúró máa wo abẹ́ apá ẹ. Èmi ò kì í ṣe ssk rárá, aṣọ mi sì ń wọ̀ mí.

Ìyá_alábẹ́rẹ́
@tètè_hun, ìwọ náà ò ní pa mí ní ẹ̀rín 😂 Tó bá jẹ́ fìlà ni, mi ò ní bá ẹ jiyàn, tó o bá fi k2tog dín orí fìlà kù yíká, àwọn ìlà yẹn á kàn máa yí lọ sí apá kan náà ni, ó sì dáa lójú. Raglan ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà méjì ló kọjú síra wọn, tí méjèèjì bá wá fì sí apá kan náà, ọ̀kan á máa bá ẹ̀gbẹ́ aṣọ lọ, èkejì á máa gé e kọjá, kò sì sẹ́ni tó mọ aṣọ híhun tí ò ní rí i.

Àdùkẹ́, ọmọ mi, kọ́kọ́ mọ ohun tó ń mú kó fì ná. Nínú ojú méjì tó o bá hun pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lókè, ọ̀kan á wà lábẹ́. Èyí tó wà lókè lójú máa ń rí, ibi tó bá dà sí náà ni àdínkù yẹn máa dà sí. Nínú k2tog, ojú tó wà lápá òsì ni abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ wọ̀, òun ló bo ti ọ̀tún mọ́lẹ̀, ó wá fì sí ọ̀tún. Nínú skp àti ssk, ti ọ̀tún ló wà lókè, ó wá fì sí òsì. Kò sí nǹkan àràmàǹdà kankan ńbẹ̀. Tó o bá ti ń wo èyí tó wà lókè, o ò ní nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ apá ibi tó máa dà sí.

bọ̀dá_ahunṣọ
Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ. Kí n fi kún un níbi tí wọ́n ti sọ fún ẹ pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀rọ̀ yẹn lòótọ́.

Skp àti ssk, tó o bá hun wọ́n tán tó o tú wọn wò, bákan náà ni òwú ṣe gbà kọjá nínú méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń hun ún. Nínú skp, o máa yọ ojú kan sórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún láìhun ún, wàá hun èkejì, wàá wá fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ òsì gbé èyí tó o yọ yẹn gba orí èyí tó o hun. Ibi tó o ti ń gbé e kọjá yẹn gan-an ni ọ̀ràn wà, nítorí o ní láti fẹ̀ ẹ́ kó tó lè kọjá, tó bá sì ti fẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ti máa fa òwú wá. Ohun tó fà á nìyẹn tí tìrẹ fi ń rí bí eyín ayùn.

Ssk: yọ ojú kìíní bí ẹni fẹ́ hun ún, yọ èkejì bákan náà, lọ́kọ̀ọ̀kan o, má yọ wọ́n pọ̀. Wá ki abẹ́rẹ́ òsì bọ iwájú àwọn méjèèjì láti òsì sí ọ̀tún, fi òwú yí abẹ́rẹ́ ọ̀tún tó wà lẹ́yìn, kí o hun wọ́n pọ̀. O ò ní gbé nǹkankan kọjá orí nǹkankan, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó fẹ̀ púpọ̀.

K2tog tbl kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Lóòótọ́ ó fì sí òsì, àmọ́ o ò yí ojú náà padà kó o tó hun ún, nítorí náà ẹsẹ̀ wọn á lọ́ mọ́ra wọn nísàlẹ̀. Lórí òwú tó dán, wàá rí i kedere.

OnísọksìKan
Ẹ má bínú o bọ̀dá, mi ò gbà pé ssk tán níbẹ̀ yẹn. Èmi náà ṣe ssk bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, iwájú sọ́kìsì mi ọ̀tún tẹ́, òsì ò tẹ́. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń yọ ojú kìíní bí ẹni fẹ́ hun ún, àmọ́ mo máa ń yọ èkejì bí ẹni fẹ́ ṣe pọ́ọ̀lù (purl, òdìkejì híhun lásán), kí n tó wá hun àwọn méjèèjì pọ̀ bó ṣe yẹ. Ìlà yẹn á fún díẹ̀ sí i, á sì sún mọ́ ti k2tog gan-an. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó bú mi.

bọ̀dá_ahunṣọ
Mi ò bú ẹ 😄 àmọ́ ojú kejì yẹn ti lọ́ nìyẹn, ṣebí ohun tá a ní ká sá fún nínú k2tog tbl náà nìyẹn?

OnísọksìKan
Ó lọ́ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó wà lábẹ́ ló lọ́. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán pé ti òkè lójú ń rí. Nínú k2tog tbl, èyí tó wà lókè lọ́, ìdí nìyẹn tó fi burú. Nínú tèmi, ti òkè tọ́, ti abẹ́ ló lọ́, lílọ́ yẹn ló sì ń mú kó fún. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ padà kẹ́ ẹ tó rí i.

Àdùkẹ́_olówùú
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, "bí ẹni fẹ́ hun ún" àti "bí ẹni fẹ́ ṣe pọ́ọ̀lù" yìí, ṣé ó tó nǹkan tó ń fa ìyàtọ̀ ni? Mo rò pé yíyọ ni yíyọ, nígbà tí mi ò ti hun ún.

Ìyá_alábẹ́rẹ́
Ó tó nǹkan o. Wo ojú kan lórí abẹ́rẹ́ òsì rẹ. Ó ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan wà níwájú abẹ́rẹ́, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà níwájú. Tó o bá yọ ọ́ bí ẹni fẹ́ ṣe pọ́ọ̀lù, bó ṣe jókòó náà ló máa ṣe kọjá sí abẹ́rẹ́ kejì. Tó o bá yọ ọ́ bí ẹni fẹ́ hun ún, ó máa yí padà, ẹsẹ̀ òsì á bọ́ síwájú. Yíyí yẹn la fẹ́ nínú ssk, torí pé láti ẹ̀yìn lo máa hun ún, tí ò bá kọ́kọ́ yí, á lọ́. Mú òwú nínípọn kan, abẹ́rẹ́ nlá, ṣe méjèèjì lọ́ra, kó o máa wo ẹsẹ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀kan péré lo máa rí i, o ò tún ní béèrè mọ́.

Nínú skp náà, bí ẹni fẹ́ hun ún ni kó o ṣe yọ èyí tó o máa gbé kọjá. Mo fura pé bí ẹni fẹ́ ṣe pọ́ọ̀lù lo ṣe ń yọ ọ́ látẹ̀yìn wá. Lọ wò ó.

òwú_kìí_tán
Mo ti ka gbogbo èyí, ó yà mí lẹ́nu torí pé k2tog tbl lèmi ń fi ṣe ti òsì látọjọ́ táláyé ti dáyé, kò sì sí èyí tó lọ́ nínú wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wò lábẹ́ iná báyìí. Ojú mi tọ́ o.

bọ̀dá_ahunṣọ
Báwo lo ṣe ń ṣe pọ́ọ̀lù? Apá ibo lo ń yí òwú gbà?

òwú_kìí_tán
Mo máa ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gbá òwú láti òkè wá sísàlẹ̀, mi ò kì í fi yí i ká bí àwọn kan ṣe ń ṣe.

bọ̀dá_ahunṣọ
Ahaa. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Pọ́ọ̀lù tó o ń ṣe yẹn máa ń jẹ́ kí ojú jókòó lódìkejì ti tiwa, ẹsẹ̀ ọ̀tún á wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ látilẹ̀. Nítorí náà ojú tìrẹ ti yí padà fúnra ẹ̀ kó o tó débẹ̀, k2tog tbl tìrẹ sì jẹ́ ssk tiwa láìsí pé o yọ nǹkankan. Àmọ́ wàhálà tìrẹ wà lọ́dọ̀ k2tog! Ìwọ lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ojú méjèèjì padà kó o tó hun wọ́n pọ̀ síhà ọ̀tún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tìẹ á lọ́ níbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń hun bíi tìẹ ló kọ ohun tí Àdùkẹ́ kà yẹn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́wọ́ tiẹ̀, òótọ́ ni.

òwú_kìí_tán
Ìyẹn ló dé tí ìlà ọ̀tún mi kì í fi í dán tó ti òsì!! Mo rò pé gbogbo èèyàn ni tiwọn rí bẹ́ẹ̀.

ọlọ́wọ́_òsì
Ẹ rántí àwa tá à ń hun láti òsì sí ọ̀tún náà o. K2tog tiwa, òsì ló ń fì sí, ssk ló ń fì sí ọ̀tún. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "lo k2tog kó lè dà sí ọ̀tún" láìsọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àwa la máa jìyà ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú tó wà lókè tí Ìyá sọ yẹn nìkan ló bá gbogbo wa mu.

Adé_raglan
Mo dé pẹ́ o, àmọ́ raglan niṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe máa ṣe àdínkù, kò sẹ́ni tó bi Àdùkẹ́ ibi tó ń fi sí. Tó bá jẹ́ pé k2tog, ojú méjì, kó tó wá ssk lo ń ṣe, máákà (òrùka kékeré tá a fi ń sàmì sórí abẹ́rẹ́) á wà láàárín ojú méjì yẹn, àdínkù méjèèjì á máa bá ìdàgẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ, ojú méjì tó wà láàárín á gòkè ṣánṣán bí wọ́n ṣe wà. Èyí ló rọra jókòó jù. Tó o bá yí i padà, ssk kọ́kọ́ wá, ojú méjì, kó tó wá k2tog, méjèèjì á máa forí kọ àárín, ó máa ń hàn gan-an, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ni, gbogbo àbùkù tó bá wà nínú ssk rẹ ló máa gbé jáde. Nítorí náà wo èyí tí pátáànì rẹ ń lò. Tó bá jẹ́ èkejì ni, kò ní rọrùn láti fi í pamọ́.

Fún àwọn tó ń hun iwájú àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n á wá rán an pọ̀: ẹ má ṣe àdínkù létí pátápátá, ẹ fi ojú kan tàbí méjì sílẹ̀ létí kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹni tó bá ti fi abẹ́rẹ́ rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ tí àdínkù kún etí ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ, kò síbi tí abẹ́rẹ́ á rí wọ̀.

Bí o bá fẹ́ sá fún ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún pátápátá, èyí tó ń mú ojú mẹ́ta di ọ̀kan ló kàn. Fi ojú kan ṣoṣo ṣe àárín. Nígbà tó bá ku ojú kan kó o dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, yọ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni fẹ́ ṣe k2tog, hun ìkẹta, gbé méjèèjì kọjá orí ẹ̀. Ojú àárín á wà lókè, kò ní fì síbì kankan, á gòkè tààrà. Mẹ́rin irú ẹ̀ ní ìyípo kan, ojú mẹ́jọ náà ló máa kúrò, ìṣirò pátáànì ò yí padà. Máákà ò kàn ní ráyè dúró láàárín, kí o kọ́ ọ sára ojú àárín fúnra ẹ̀, kí o máa gbé e gòkè bó o ṣe ń lọ.

tètè_hun
Ṣé kì í ṣe sk2p lẹ̀ ń wí yẹn? Yọ ọ̀kan, hun méjì pọ̀, gbé e kọjá. Mo mọ̀ ọ́n, òsì ló ń fì sí o.

Adé_raglan
Rárá o, nǹkan ọ̀tọ̀ nìyẹn. Sk2p òsì ló ń fì sí lóòótọ́, torí ojú àkọ́kọ́ ló wà lókè. K3tog (híhun ojú mẹ́ta pọ̀) fì sí ọ̀tún. Èyí tí mo sọ, méjì lo máa yọ PAPỌ̀, ìyẹn ló ń gbé ti àárín síwájú. Tó o bá yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní já sí i.

Ìyá_alábẹ́rẹ́
Adé, ó dáa, àmọ́ ọmọ yìí ti hun kọjá ìlàjì, ojú méjì ló sì fi ṣe àárín. Tó bá yí i padà báyìí, ìlà ẹ̀ á ṣẹ́ lójijì. Kó fi ìyẹn sílẹ̀ de aṣọ mìíràn. Ìlà rẹ yẹn náà sì máa ń ga díẹ̀, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ lára súwẹ́tà tí mo máa wọ nǹkan lé.

Ní ti ọrùn tó béèrè, kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn. Àdùkẹ́, bó bá jẹ́ ìlà kejì kejì lò ń dín in kù, ṣètò ẹ̀ kí ìlà àdínkù bọ́ sí ojú iwájú aṣọ, kí ti ẹ̀yìn jẹ́ pọ́ọ̀lù lásán, o ò ní nílò nǹkankan tuntun. Àwọn pátáànì mìíràn sì máa ń ní kó o dín in kù ní gbogbo ìlà bó bá ti sún mọ́ òkè, ìgbà yẹn nìkan ni wàá ṣe é láti ẹ̀yìn. P2tog (ṣíṣe ojú méjì ní pọ́ọ̀lù papọ̀) á jáde bíi k2tog lójú iwájú. Ssp á jáde bíi ssk: yọ ojú méjì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ hun ún, dá wọn padà sórí abẹ́rẹ́ òsì bí wọ́n ṣe yí yẹn, ki abẹ́rẹ́ wọ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn, láti apá òsì wọn, ṣe wọ́n ní pọ́ọ̀lù papọ̀. Ó máa ń nira lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, má bínú sí i. Má sì gbàgbé pé láti ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì aṣọ lo máa kọ́kọ́ bá, torí náà ssp ló máa ṣáájú, pọ́ọ̀lù méjì, kó tó kan p2tog.

abẹ́rẹ́_tínrín
Ohun méjì tí wọn ò tíì sọ. Orí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe ssk, ẹ má jẹ́ kí ojú méjèèjì wọ ibi tó nípọn lára abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ló ti ń fẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ti hun ún tán, ẹ fa òwú le díẹ̀ kẹ́ ẹ tó hun èyí tó kàn. Èkejì, ní ìyípo híhun lásán tó tẹ̀ lé e, ẹ hun ojú àdínkù yẹn láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, á lọ́ díẹ̀, á sì fún.

OnísọksìKan
Èyí àkọ́kọ́ mo fọwọ́ sí i. Ìkejì, ó sinmi lé òwú. Lórí òwú tó ní irun lára ò ní hàn, lórí òwú tó dán wàá máa rí ojú tó lọ́ kan lẹ́yìn ìkan gòkè bẹ́ẹ̀. Kó dán an wò lára sámpùlù kó tó fi sára aṣọ.

Àdùkẹ́_olówùú
Mo ti hun sámpùlù o! Mo ṣe mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, k2tog wà lọ́tùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè fi wé. Ìyá, ẹ ò parọ́, bí ẹni fẹ́ ṣe pọ́ọ̀lù ni mo ṣe ń yọ ti skp. Mo wá yọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó dáa sí i àmọ́ ó ṣì fẹ̀. Ssk bọ̀dá dáa ju ìyẹn lọ. Ti OnísọksìKan ló bá k2tog mi mu jù, ká sòótọ́, tí mo bá gbé e jìnnà díẹ̀ mi ò mọ ìyàtọ̀. Híhun láti ẹ̀yìn ní ìyípo kejì, òwú mi dán, ó hàn kedere, mo ti fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù: àwọn èyí tí mo ti hun sẹ́yìn ńkọ́? Ṣé kí n tú u ni? Ó ń dùn mí.

bọ̀dá_ahunṣọ
Má tíì tú u. Wúlù ni àbí kọ́tìnnì?

Àdùkẹ́_olówùú
Wúlù ni sà.

bọ̀dá_ahunṣọ
O ríre. Kọ́tìnnì kì í fà, bó o ṣe hun ún náà ló máa wà. Wúlù máa ń fara balẹ̀ tó o bá fọ̀ ọ́ tó o tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, ọ̀pọ̀ nínú págunpàgun yẹn á lọ. Fọ sámpùlù yẹn kó o kọ́kọ́ wo skp tó wà lára ẹ̀. Èyí tí ò bá lọ, mú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín, fa apá tó fẹ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀ sínú ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà sí èyí tó tún kàn, títí dé bíi mẹ́rin, kó pín in dọ́gba. Má fà á lẹ́ẹ̀kan sínú ojú kan ṣoṣo, wàá kàn gbé wàhálà kúrò níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún ni.

Ìyá_alábẹ́rẹ́
Láti ìsàlẹ̀ ìlà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ o, máa bọ̀ lókè. Tó bá sì jẹ́ pé skp lo fi dé ibi tó o wà yìí, tó o wá fẹ́ bọ́ sí ti OnísọksìKan, fọ sámpùlù tó ní méjèèjì lórí ara wọn kó o tó pinnu. Bí ojú rẹ bá rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o tú u.